Ẹ́ńjìnnì Cessna mi ò mọ̀ pé òun ti dé Jọ́ọ̀sì

Awakọ̀_Orí_Tábìlì:
Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń kọ ẹ́ńjìnnì Cessna 172P fúnra mi fún FlightGear, géèmù wíwa bàálù orí kọ̀ǹpútà yẹn; Lycoming O-320 tó ní agbára ẹṣin 160 yẹn ni. Script kékeré ni mo fi ṣe é: 160 táìmsì throttle (ọ̀pá tí wọ́n fi ń fún ẹ́ńjìnnì ní agbára) táìmsì mixture (ọ̀pá tí wọ́n fi ń ṣètò iye epo tó ń bá afẹ́fẹ́ wọlé), ó parí. Ní Ìkẹjà ó ń lọ dáadáa, tí mo bá ti throttle dópin lórí ilẹ̀ ó máa fún mi ní RPM (ìyípo ní ìṣẹ́jú kan) 2300. Ni mo bá gbé e lọ Jọ́ọ̀sì, pápá tó ga tó fíìtì 4,232, 2300 náà ló ṣì ń sọ, kò tiẹ̀ bìkítà! Èyí tó wá ń dùn mí jù ni pé tí n bá fa mixture sẹ́yìn díẹ̀ ńṣe ni agbára kàn ń já wálẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìwé bàálù yẹn sọ pé tí pápá bá ti ga ju fíìtì 3,000 lọ, kéèyàn máa fà á títí RPM á fi ga dé òkè kó tó gbéra. Ibo ni mo ti ṣì í?

Ọmọ_Mẹkáníìkì:
Àbúrò, afẹ́fẹ́ lo gbàgbé. Ẹ́ńjìnnì ò mọ throttle rárá, ilẹ̀kùn lásán nìyẹn, afẹ́fẹ́ tó wọlé ló mọ̀. Wò ó báyìí: inú O-320 gba nǹkan bíi lítà 5.2, ẹ̀ẹ̀kan nínú ìyípo méjì ló ń mí sínú, torí náà ní 2300 ó ń gba bíi lítà 6,000 ní ìṣẹ́jú kan, ká ní ìdá 85 nínú 100 ló ráyè wọlé lóòótọ́, ó ku 5,100. Lítà yẹn ò yí padà tó bá dé Jọ́ọ̀sì, ìwọ̀n ẹ̀ ló yí padà. Ní etí òkun afẹ́fẹ́ yẹn tó kìlò 6.2, ní Jọ́ọ̀sì kìlò 5.5. Ibẹ̀ ni agbára ẹ wọlẹ̀ sí.

Ti mixture ńkọ́? Ṣé ẹ ní jẹnẹrétọ̀ nílé? Tó bá ti gbóná tán tẹ́ ẹ gbàgbé choke ní títì, ṣé o mọ bó ṣe máa ń wúkọ́ tó sì máa ń tu èéfín dúdú? Epo ti pọ̀ ju afẹ́fẹ́ ẹ̀ lọ nìyẹn. Kábúrétọ̀ ò dín epo kù tó bí afẹ́fẹ́ ṣe fúyẹ́ sí. Agbára máa ń pọ̀ jù níbi tí afẹ́fẹ́ bá ti jẹ́ bíi kìlò 12.5 sí epo kìlò kan, tó bá kọjá ibẹ̀ lápá méjèèjì ó ń já wálẹ̀. Òkè tó ń gòkè tó tún ń sọ̀ ló yẹ kó o yà, ìwọ ya àkàbà tó kàn ń gòkè.

XML_ló_pa_mí:
Ọ̀gá Mẹkáníìkì ti sọ ọ́ tán. Ṣùgbọ́n kí ló dé tó o fi ń kọ ọ́ láti òdo jàre, JSBSim, apá tó ń ṣe ìṣirò fífò nínú FlightGear, ti ní ẹ́ńjìnnì písítìn tiẹ̀. Fi displacement sí 319.8 (lítà 5.2 yẹn náà ni, ní ínǹṣì kúbíìkì), cycles 4, volumetric-efficiency 0.85 (ìdá 85 yẹn). Bsfc (iye epo tí agbára ẹṣin kan ń jẹ ní wákàtí kan) tó o bá rí nínú ìwé má kó o síbẹ̀ bẹ́ẹ̀, dín in kù díẹ̀, torí JSBSim ń yọ àwọn àdánù kan nínú ẹ́ńjìnnì lọ́tọ̀, tó o bá tún fi kún un o ti yọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Tó o bá ṣe tán, wo mp-inhg, ìyẹn agbára ìtì afẹ́fẹ́ nínú páìpù tó wọ ẹ́ńjìnnì, nínú property browser FlightGear kó o tó ṣíná (pátákó 172P ò ní géèjì ẹ̀, má wulẹ̀ wá a). Ní Jọ́ọ̀sì ó yẹ kó máa sọ bíi 25.6. Tó bá ń sọ 29.92, Èkó lo ṣì wà.

Àǹtí_Pílọ́ọ̀tì:
Ẹ ò tíì dárúkọ yìnyín inú kábúrétọ̀ o.

Ọmọ_Mẹkáníìkì:
Yìnyín kẹ̀? Nínú ooru Nàìjíríà yìí? Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín.

Àǹtí_Pílọ́ọ̀tì:
Rẹ́rìn-ín tán ná. Epo tó ń di afẹ́fẹ́ nínú ọ̀fun kábúrétọ̀ lè mú kó tutù ju ìta lọ ní ogún digíríì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣé o rí bí ara ìgò mínírà tútù ṣe máa ń làágùn? Omi inú afẹ́fẹ́ náà ni, ó kàn wá dì ni. Ìgbà tó o bá dín throttle kù láti sọ̀ kalẹ̀ ló burú jù. Bó o ṣe máa kọ ọ́ rèé: tí wọ́n bá fa carb heat (ọ̀pá tó ń darí afẹ́fẹ́ gbígbóná sínú kábúrétọ̀) tí ò sí yìnyín, RPM á lọ sílẹ̀ á sì dúró síbẹ̀, torí afẹ́fẹ́ gbígbóná fúyẹ́. Tí yìnyín bá wà, á lọ sílẹ̀, ẹ́ńjìnnì á gbọ̀n jìgìjìgì bó ṣe ń mu omi yìnyín tó yọ́ yẹn, lẹ́yìn náà á wá gòkè ju ibi tó wà tẹ́lẹ̀.

Ọmọ_Mẹkáníìkì:
Ó ti yé mi o, ẹ ṣé mà.

Awakọ̀_Orí_Tábìlì:
Mo ti da script yẹn nù. Jọ́ọ̀sì, mixture wọlé tán, 2170. Mo rọra ń fà á, 2190, 2220, 2240, inú mi dùn débi pé mo fà á jù, ó kú. Ṣùgbọ́n propeller ò dúró o, ó kàn ń yí lọ gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ bíi fáànù àjà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú iná.

XML_ló_pa_mí:
O ò fi static-friction sí i, ìyẹn agbára tí yíyí ẹ́ńjìnnì tó ti kú máa ń gbà. Díẹ̀ báyìí nínú 160 yẹn, bẹ̀rẹ̀ láti agbára ẹṣin 1.5.