Ọkùnrin, obìnrin àti ìpolówó ọjà: kí ló ti yí padà?

Àbẹ̀kẹ́: Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ iṣẹ́ yìí, nígbà kan ọṣẹ àti ìkòkò ni tobìnrin, mọ́tò àti ọtí ni tọkùnrin. Kí ló yí i padà?

Adé_Ìpolówó: Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ìpolówó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 14 oṣù kẹfà 2019 ni. Kò ní kí obìnrin má dáná o. Ohun tó kọ̀ ni kí gbogbo ilé da nǹkan rú kí obìnrin nìkan máa palẹ̀ ẹ̀ mọ́, tàbí kí wọ́n ní ọkùnrin ò lè pààrọ̀ ìlédìí torí pé ó jẹ́ ọkùnrin. Lóṣù kẹjọ, ASA, àjọ tó ń ṣọ́ ìpolówó níbẹ̀, fòfin de ìpolówó méjì: ti ṣíìsì Philadelphia, níbi tí bàbá méjì ti gbàgbé ọmọ sórí bẹ́líìtì tó ń gbé oúnjẹ yípo, àti ti mọ́tò Volkswagen.

Baba Kékeré: Àwàdà ni ti àwọn bàbá yẹn jàre.

Ìyá Ìbejì: Rárá sà. Ẹ fi ìyá méjì sípò wọn, kẹ́ ẹ tún un wò. Bí ẹ̀rín bá tán, a jẹ́ pé orí "ọkùnrin ò mọ ọmọ tọ́jú" ló dúró lé.

Adé_Ìpolówó: Ti Volkswagen ló kọ́ni lọ́gbọ́n jù. Obìnrin tó jókòó ti kẹ̀kẹ́ ọmọ ò lábùkù bó bá dá wà. Àmọ́ ọkùnrin méjì tó ń léfòó lókè sánmà àti eléré ìdárayá tó ń fi ẹsẹ̀ àtọwọ́dá fò ló ṣáájú rẹ̀, obìnrin kejì sì ń sùn nínú àgọ́. Bí wọ́n ṣe tò ó ló bà á jẹ́. Ẹni 3 ló fẹjọ́ ẹ̀ sùn, 128 ló fẹjọ́ ti Philadelphia sùn. ASA kì í fi iye ẹni tó fẹjọ́ sùn ṣèdájọ́.

Ṣọlá: 3 péré? Háà!

Kọ́lá B.: Ẹ má gbé gbogbo ẹ̀ fún òfin, owó ńkọ́? Sìgá obìnrin ni Marlboro ní 1924, wọ́n tiẹ̀ kun ibi ẹnu ẹ̀ ní pupa kí lípísítíìkì má bàa hàn. Nígbà tí ẹ̀rù jẹjẹrẹ gbé sìgá onífíltà, ìyẹn èyí tó ní asẹ́ èéfín níbi ẹnu, dé, ọkùnrin ń ka fíltà sí nǹkan obìnrin. Ní 1955, Leo Burnett, apolówó ọjà ará Amẹ́ríkà, gbé darandaran ẹlẹ́ṣin síbẹ̀. Orúkọ kan náà!

Ìyá Ìbejì: Ní 1968 iléeṣẹ́ Philip Morris tó ni Marlboro tún padà sọ́dọ̀ obìnrin pẹ̀lú sìgá Virginia Slims, wọ́n fi òmìnira obìnrin polówó ikú.

Àbẹ̀kẹ́: Ní Nàìjíríà ńkọ́?

Adé_Ìpolówó: Lábẹ́ òfin ARCON, àjọ tó ń ṣàkóso ìpolówó ní Nàìjíríà, ti 2022, wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ ìpolówó wò kó tó jáde. Kẹ́ ẹ tó gbé e lọ, ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò fúnra yín látorí àwòrán tẹ́ ẹ kọ́kọ́ yà sórí pépà: ta ló ń ṣiṣẹ́, ta ló ń ṣàlàyé, ohùn ta ló parí ẹ̀? Ti ọṣẹ ìfọṣọ ló máa ń kọsẹ̀ níbẹ̀: obìnrin á máa fọ̀, ohùn ọkùnrin á máa kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fọ̀.

Baba Kékeré: Mo gbà nípa ti ohùn. Ti bàbá méjì yẹn, èrò mi ò tíì yí.