Pẹ́dàlì Speed King àtijọ́: báwo ni kí n ṣe tún un ṣe kí n tó tà á?

Ọmọ Òkè-Bọ́lá béèrè:

Ẹ̀yin àgbà àti ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ ìlù, mo kí yín o. Àbúrò bàbá mi, tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún lu ìlù òyìnbó nínú ẹgbẹ́ olórin háílàìfù níbí ní Ìbàdàn, fi pẹ́dàlì ìlù ńlá kan sílẹ̀ fún mi kí ó tó di olóògbé. Orúkọ Speed King wà níbi tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, lẹ́tà WFL sì wà lára rẹ̀ pẹ̀lú. Kò sí ohun tí ó yọ nínú rẹ̀, àmọ́ ó ti dógùn-ún díẹ̀, ó sì máa ń ké fín-ín nígbàkígbà tí mo bá tẹ̀ ẹ́. Ẹnì kan ní Dùgbẹ̀ gbà mí nímọ̀ràn pé kí n lọ fi kóròmù bò ó kí ó lè máa dán, pé owó gidi ni yóò mú wá bẹ́ẹ̀. Ọkàn mi kò gbà á. Kí ni kí n ṣe sí i, kí ni kí n má ṣe, báwo ni mo sì ṣe lè tà á láìjẹ́ pé wọ́n rẹ́ mi jẹ?

Alùlù Mọ́kọ́lá fèsì:

Kí Ọlọ́run ó dẹ ilẹ̀ fún olóògbé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí kóròmù kan án rárá. Ẹni tí ó ń wá irú pẹ́dàlì yìí ń wá a nítorí pé ó ti pẹ́, bí ẹ bá sì ti fi àwọ̀ tuntun bo ara rẹ̀, ohun tí yóò fi mọ̀ pé ó pẹ́ ti lọ nìyẹn.

Lẹ́tà WFL yẹn gan-an ni ọrọ̀ tí ẹ ní lọ́wọ́. William F. Ludwig àti àbúrò rẹ̀ ni wọ́n dá ilé iṣẹ́ Ludwig sílẹ̀ ní Chicago ní ọdún 1909, pẹ́dàlì ìlù ńlá ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí orúkọ Ludwig bọ́ sọ́wọ́ ilé iṣẹ́ Conn, William fi lẹ́tà orúkọ ara rẹ̀, WFL, dá òmíràn sílẹ̀ ní ọdún 1937, Speed King sì wà lára ohun tí ó gbé jáde níbẹ̀. Ọdún 1955 ni ó tó ra orúkọ Ludwig padà. Nítorí náà, bí ẹ bá ń kọ ọ̀rọ̀ nípa pẹ́dàlì yín, ẹ sọ pé ó jẹ́ ti àárín ọdún 1937 sí nǹkan bí 1955, ẹ má dá ọdún kan pàtó fún un bí kò bá sí ẹ̀rí.

Ní ti igbe fín-ín yẹn, ẹ má bẹ̀rù. Irú pẹ́dàlì yìí kan náà ni John Bonham, alùlù ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì Led Zeppelin, lò, a sì ń gbọ́ ìró rẹ̀ nínú díẹ̀ lára àwọn rẹ́kọ́ọ̀dù wọn títí di òní.

Oníṣẹ́ Irin Gate fèsì:

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ Alùlù Mọ́kọ́lá pátápátá, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n wọ inú irin náà lọ, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Speed King kò ní sípíríǹgì tí ó rọ̀ síta bíi ti àwọn pẹ́dàlì oníṣéènì tí ẹ ń rí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Inú òpó méjèèjì ni sípíríǹgì rẹ̀ wà, irin tí ó le sì ni ó so ibi àtẹ̀lẹsẹ̀ pọ̀ mọ́ ọ̀pá òkè tí ó gbé bítà, ìyẹn ọ̀pá olórí tí ó ń lu ìlù, dúró. Gírísì tí ó ti gbẹ nínú òpó wọ̀nyẹn àti ní ibi bẹ́árìn òkè ni ó máa ń fa igbe náà.

Ẹ yí i nídìí, ẹ ó rí ojú sukuru ní ìsàlẹ̀ òpó kọ̀ọ̀kan. Sukudiráfà tí ẹnu rẹ̀ bá a mu ni kí ẹ lò, nítorí pé ojú sukuru tí ó bá jẹ yóò já owó lulẹ̀ lójú ẹni tí ó mọ nǹkan. Kí ẹ tó tú u, ẹ ya fọ́tò rẹ̀. Bí ẹ bá sì ti tú u tán, ẹ má jẹ́ kí ti ọ̀tún dà pọ̀ mọ́ ti òsì. Ẹ fi kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì eyín tí ó ti gbó fọ gírísì àtijọ́ kúrò, ẹ jẹ́ kí ó gbẹ dáadáa, lẹ́yìn náà kí ẹ fi gírísì bẹ́árìn tí ó dára díẹ̀ sí i. A máa rí i rà ní ọjà sípéàpáàtì ní Gate níbí. Epo tí a ń fọ́n láti inú agolo kò tó. Yóò kàn fọ ìwọ̀nba gírísì tí ó kù dànù ni, igbe náà yóò sì padà láìpẹ́.

Ẹ má fi ásíìdì bátìrì tàbí omi kọ́sítíìkì fọ ọ́ o! Mo ti rí i tí àwọn ọmọ iṣẹ́ ń ṣe bẹ́ẹ̀, kọ́sítíìkì sì ń jẹ alumíníọ̀mù tààràtà. Aṣọ rírọ̀, omi gbígbóná díẹ̀ àti ọṣẹ ti tó fún ara òde. Bí ihò ibi tí irin ìsopọ̀ wọ̀ bá ti fẹ̀, tí ó ń mì, ẹ má gbé e fún wẹ́dà. Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì sọ ọ́ fún ẹni tí yóò rà á.

Ọmọ Òkè-Bọ́lá fèsì:

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ihò náà kò fẹ̀, ṣùgbọ́n mo rí i pé bítà tí ó wà lára rẹ̀ kì í ṣe ti ìbẹ̀rẹ̀.

Alùlù Mọ́kọ́lá fèsì:

Ìyẹn kò bà á jẹ́, kìkì pé kí ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ kedere. Olùrà lè rí bítà àtijọ́ rà lọ́tọ̀, ṣùgbọ́n kò ní dárí ji ẹni tí ó fi í pamọ́ fún un.

Ẹ má fi iye tí àwọn èèyàn ń béèrè lórí íntánẹ́ẹ̀tì dá iye tiyín. Ẹ lọ sórí Reverb, ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti ń ta ohun èlò orin, ẹ wo iye tí àwọn tí ó ní lẹ́tà WFL ti tà ní tòótọ́, kí ẹ sì fi ipò tiyín wé tiwọn. Ẹ ya fọ́tò ìdí rẹ̀, ojú sukuru méjèèjì, lẹ́tà náà ní sísúnmọ́, àti gbogbo ibi tí ó ti dógùn-ún. Ẹ tún ya fídíò kúkurú tí ẹ ti ń tẹ̀ ẹ́ láìsí ìlù níwájú rẹ̀, kí wọ́n lè gbọ́ pé ó ti dákẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ tà á níbí ní Ìbàdàn, ẹ kọ́kọ́ fi han àwọn àgbà tí ó lu háílàìfù àti jùjú, nítorí pé wọ́n mọ ohun tí ó jẹ́, wọn kò sì ní bá yín ná an bí ẹni ń ná irin àlòkù.