Àbá VA lórí oorun àti etí tó ń hó: ṣé ká tètè fi ìwé sílẹ̀ ni àbí ká dúró?

Akin_Killeen

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. VA, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí àwọn tó ti ṣe ológun, gbé àbá kan jáde láti yí bí wọ́n ṣe ń díwọ̀n àìsàn oorun, etí tó ń hó àti àìsàn ọpọlọ padà, ìwọ̀n yẹn ni wọ́n sì ń tẹ̀ lé sanwó. Ọ̀rọ̀ yìí kan ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ṣe ológun Amẹ́ríkà. Ká ní ẹnì kan ní ìwọ̀n 50% fún sleep apnea (àìsàn tí èémí fi ń dá dúró lójú oorun), 30% fún PTSD (ìpayà ọkàn tó ń tẹ̀lé ohun burúkú tó ṣẹlẹ̀ síni), 10% fún etí tó ń hó, tí VA sì ń san owó 70% fún un. Bí àbá yẹn bá di òfin, èló ló máa kù fún un? Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ẹ̀rọ CPAP, èyí tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ síni nímú lójú oorun, fún lọ́dún yìí, tí kò tíì fi ìwé ìbéèrè owó kankan sílẹ̀, ńkọ́?

Bàbá_Ìbejì

Àbúrò, fọkàn balẹ̀ lórí ẹni àkọ́kọ́. Ọjọ́ 15 oṣù Kejì ọdún 2022 ni VA gbé àbá náà jáde, àbá ló sì ṣì jẹ́ ní 2025. Bó bá tiẹ̀ di òfin lọ́la, òfin Amẹ́ríkà 38 U.S.C. 1155 sọ pé wọn ò lè tìtorí pé wọ́n tún ìwọ̀n ṣe kí wọ́n gé ohun tí ẹnì kan ti ń gbà, àfi bí ẹ̀rí bá fi hàn pé ara rẹ̀ ti yá sí i.

Ẹni tí ìwé rẹ̀ bá wọlé lẹ́yìn tí òfin bẹ̀rẹ̀ ló máa fara gbá a. Lónìí, ẹni tí sleep apnea rẹ̀ gba kó máa lo CPAP ń gba 50%. Nínú àbá náà, bí ẹ̀rọ bá jẹ́ kó sùn dáadáa tí àmì àìsàn ò sí mọ́, 0% ni. Bó bá dẹ̀ ẹ́ díẹ̀ tí kò tán, 10%. Ẹni tí ìtọ́jú ò ràn, tàbí tí àìlera mìíràn ò jẹ́ kó lè lo ẹ̀rọ, ló máa gba 50%. Ó di ìgbà tí àìsàn náà bá ti ba ẹ̀yà inú ara jẹ́ kó tó kan 100%.

Wàyí o, ìṣirò. VA kì í ro wọ́n pọ̀ bí owó ọjà. Ara tó ṣẹ́kù ni wọ́n ti ń yọ èyí tó kàn. 50% kó ìdajì lọ, ó ku 50. 30% nínú 50 jẹ́ 15, ó di 65, ó ku 35. 10% nínú 35 jẹ́ 3.5, ó di 69 lórí àtẹ wọn, wọ́n á sún un sí 70. Wò ó dáadáa: bí àbá náà bá yọ ti etí kúrò, 65 náà á sún sí 70, kọ́bọ̀ kan ò dín. Ṣùgbọ́n bí ti oorun bá jẹ́ 10%, 43 ni gbogbo rẹ̀, á sì wálẹ̀ sí 40. Ní 2025, ẹni tí kò ní ìyàwó tàbí ọmọ lórí fáìlì gba $1,759.19 lóṣù ní 70%, $774.16 ní 40%. $985.03 ló bọ́ sọnù lóṣooṣù. Gbogbo èèyàn ń pariwo etí, oorun gan-an ni owó wà.

Nọ́ọ̀sì_Àbẹ̀kẹ́

Bàbá ti sọ ti owó, ẹ jẹ́ kí n mú ti ìwé. Híhanrun nìkan ò tó fún VA. Èsì àyẹ̀wò oorun gbọ́dọ̀ wà nínú fáìlì, pẹ̀lú ìwé dókítà tó ní kí ẹ lo CPAP. Ibi tí wọ́n ti ń já ọ̀pọ̀ èèyàn kulẹ̀ ni okùn tó so àìsàn mọ́ iṣẹ́ ológun. Kí dókítà kọ ọ́ pé "at least as likely as not", ìyẹn ni pé ó kéré tán ààbọ̀ ẹ̀rí wà níbẹ̀. Kó sọ pé òun ka ìwé ìtọ́jú ìgbà iṣẹ́, kó sì ṣàlàyé ìdí. Gbólóhùn yẹn láìsí ìdí, òfo ni.

Ẹni tí ẹ jọ sùn ní bárékè lè kọ fọ́ọ̀mù ẹ̀rí 21-10210. Kó má kàn kọ "ó máa ń hanrun". Kó kọ ọdún àti ibùdó, kó kọ pé èémí á dá dúró, pé á ta gìrì dìde bí ẹni tí omi fẹ́ gbé lọ.

Bí ojú ọgbẹ́ tàbí egungun àgbọ̀n ò bá jẹ́ kí ìbòjú CPAP lẹ̀ mọ́ ojú, tí afẹ́fẹ́ ń jò lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú, ẹ ní kí dókítà kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí. Nínú àbá yẹn, òun ló máa ya 50% sọ́tọ̀ kúrò lára 10%.

Akin_Killeen

Ẹ ṣé gan-an ni, mà. Ṣé intent to file (ìwé tó ń sọ fún VA pé o fẹ́ béèrè owó) nìkan tó? PTSD ńkọ́?

Bàbá_Ìbejì

Fọ́ọ̀mù 21-0966, ìyẹn intent to file, ń bá ọ di ọjọ́ owó mú fún ọdún kan gbáko. Má fi í gbára lé lórí ọ̀rọ̀ òfin tó ń yí. 21-526EZ gan-an ni ìwé ìbéèrè, òun ni kó wọlé kí òfin tó bẹ̀rẹ̀. Bí òfin bá wá yí nígbà tó ṣì wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n á fi ti àtijọ́ àti tuntun wò ó, èyí tó bá sàn fún ọ ni wọ́n á mú.

Ti PTSD yàtọ̀, àbá náà sàn ju ti òní lọ. Lónìí, àfi kí iṣẹ́ àti àjọṣe ẹni dàrú pátápátá kó tó gba 100%. Nínú àbá, ọ̀nà márùn-ún ni wọ́n máa wò: ìrònú àti ìrántí, bíbá èèyàn lò, píparí iṣẹ́, lílọ bíbọ̀, àti títọ́jú ara ẹni, 10% ló sì kéré jù. Fi tìẹ sílẹ̀ báyìí. Bí tuntun bá dé, o lè béèrè àfikún.

Ará_Ìjẹ̀bú_MD

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti padà sílé tàbí tẹ́ ẹ kó lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn, ẹ yí àdírẹ́sì yín padà lórí VA.gov. Bí wọ́n bá fẹ́ dín owó yín kù, lẹ́tà ni wọ́n á kọ́kọ́ fi ránṣẹ́. Ọjọ́ 60 lẹ ní láti mú ẹ̀rí wá, ọjọ́ 30 láti béèrè pé kí wọ́n gbọ́ ẹjọ́ yín. Ilé àtijọ́ ni lẹ́tà máa ń lọ, ọjọ́ á sì pé. Bẹ́ ẹ bá béèrè láàárín ọjọ́ 30 yẹn, owó ò ní dín títí ìgbẹ́jọ́ á fi parí. Àwọn ẹgbẹ́ àwọn tó ti ṣe ológun, DAV, VFW àti American Legion, ń bá èèyàn kọ ìwé ìbéèrè lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ sanwó kóun tó fi ìwé àkọ́kọ́ yín sílẹ̀, ẹ má fún un ní kọ́bọ̀.