Ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀ yíya fọ́tò owó fàdákà yìí

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́ tẹ́ ẹ ń kó owó onírin jọ. American Silver Eagle, owó fàdákà ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni mo fẹ́ràn jù, èyí tí wọ́n ti ń ṣe láti 1986. Àwọn tí wọ́n ń pè ní proof, tí ojú wọn ń dán bíi dígí, ló ń dà mí láàmú.

Tí mo bá gbé fóònù sókè rẹ̀ tààrà, òjìji fóònù ló máa ń dúdú sójú owó. Tí mo bá dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́, etí kan á mọ́, èkejì á ṣe báìbáì. Mo ta aṣọ funfun fẹ́lẹ́ sójú fèrèsé, ìmọ́lẹ̀ sì rọ̀ dáadáa, àmọ́ àwọn ìlà wínníwínní tí nǹkan ha sára owó ò hàn mọ́. Àwọn gan-an ló sì yẹ kí ẹni tó fẹ́ rà á rí! Gílóòbù kan ṣoṣo láti ẹ̀gbẹ́ ló ń fi wọ́n hàn. Ṣé kí n máa ya méjì ni?

Lórí òṣùwọ̀n Sheldon, tí wọ́n fi ń díwọ̀n bí owó onírin ṣe dáa sí, láti 1 dé 70, mo mọ̀ pé 70 ò gbọdọ̀ ní àléébù kankan lábẹ́ awò tó ń sọ nǹkan di ìlọ́po 5. Tèmi ní àmì kékeré kan lẹ́bàá ẹsẹ̀ obìnrin ojú rẹ̀. Ṣé 69 ni, àbí ó relẹ̀ jù bẹ́ẹ̀?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kí n nù ún o. Eruku ọyẹ́ tá a bá fi aṣọ nù, ó ti ha owó nìyẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti fi tiyín ránṣẹ́ sí NGC tàbí PCGS, àwọn iléeṣẹ́ tó ń yẹ owó wò tó sì ń fún un ní máàkì, ní Amẹ́ríkà, ṣé èrè rẹ̀ ju ìnáwó lọ?