Ẹ gbà mí o, ọmọ mi fẹ́ gun VelociCoaster lọ́la

Ìyá Tóbi (Atlanta): Ẹ kú alẹ́ o, gbogbo ilé. Òtẹ́ẹ̀lì ní Orlando ni mo wà báyìí, oorun ò kun ojú mi rárá. Alẹ́ yìí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wo fídíò VelociCoaster, ọkọ̀ ìṣeré orí irin tó ń sáré burúkú ní páákì ìgbádùn Universal, tí Tóbi ọmọ mi ń pariwo ẹ̀ látọdún tó kọjá, àyà mi já pàà. Ó ní àfi kí n jókòó ti òun, èmi tí mò ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ṣé kí n gùn ún? Báàgì ńkọ́, fóònù ńkọ́? Ẹ tètè dá mi lóhùn o.

Bọ̀dá Ìkẹ́rẹ́ (Houston): Àǹtí mi, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wọn ọmọ náà láìsí bàtà, tí kò bá tó 51 ínǹṣì wọn ò ní gbẹ̀bẹ̀, ẹkún ló máa sun. Kò sí ṣéènì tó ń fà á gòkè díẹ̀díẹ̀ bíi tàtijọ́ o, mágnẹ́ẹ̀tì ló ń tì í, ìtì àkọ́kọ́ 50 máìlì ní wákàtí kan, ìkejì 70, lẹ́yìn náà ó gbé yín dé 155 fíìtì ó wá dorí kodò bí ẹni já látorí ọ̀pẹ. Irin orí itan nìkan ló dì yín mú, kò sí ti èjìká.

Ìyá Ìbejì (London): A lọ lọ́dún tó kọjá. Kí ẹ tó dé orí ẹ̀ gan-an, ẹranko dáínósọ̀ méjì wà lójú láìnì, ẹ̀rọ ni o, tí wọ́n fi irin dè lẹ́nu, wọ́n ń mí fìn-ìn, ọ̀kan nínú àwọn ìbejì mi lẹ̀ mọ́ mi lára. Ọ̀fẹ́ ni lọ́kà ibẹ̀, ẹ ó kó ẹrù sí i lápá kan, ẹ ó gbà á lápá kejì. Ẹ má mú nǹkankan dání, ẹ̀rọ tó ń wá irin lára èèyàn wà níbẹ̀.

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n (Dallas): Nǹkankan náà ni o! Páákì míì lèmi lọ lọ́dún tí a kọ́kọ́ dé, mo ki wọ́lẹ́ẹ̀tì sápò ẹ̀yìn, gíríìnì káàdì, ìwé tí mo fi ń gbé Amẹ́ríkà, wà nínú ẹ̀. Ibi tó ti yí wa lórí kodò ni mo ti rí i tó ń fò lọ bíi labalábá. Owó tí mo fi gba òmíràn lé ní 400 dọ́là, ibi tí mo ti ń dúró de káàdì tuntun ni màmá wa ti kú, mi ò lè lọ sin wọ́n.

Ìyá Ìbejì (London): Háà, ẹ pẹ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n kí ni káàdì ń wá ní páákì?

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n (Dallas): Òfin Amẹ́ríkà ló ní ẹni tó bá ti pé ọdún 18 gbọ́dọ̀ máa mú un rìn.

Bọ̀dá Ìkẹ́rẹ́ (Houston): Kó mú un rìn, kó fi sí lọ́kà! Àbí kó wà nínú àpò onísíìpù.

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n (Dallas): Ẹ̀gbọ́n, onísíìpù ni àpò ọ̀hún. Ó ṣí.

Bọ̀dá Ìkẹ́rẹ́ (Houston): O ò bá ti lọ gba òǹtẹ̀ sínú pásípọ́ọ̀tù, ìyẹn I-551 tó ń dúró fún káàdì náà, wàá ti rìnrìn àjò.

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n (Dallas): Ta ló sọ fún mi nígbà yẹn? Mi ò mọ ẹnì kankan ní gbogbo Dallas.

Ìyá Tóbi (Atlanta): Ọlọ́run á tù yín nínú. Ẹ̀jẹ̀ ríru mi ńkọ́ o?

Ìyá Ìbejì (London): Pátákó ẹnu ọ̀nà ní kí ẹni tó ní in má gùn ún. Ẹ pe dókítà yín. Ẹ tún wá sí London, ọkọ̀ ìṣeré tiwa, Stealth, wà ní Thorpe Park látọdún 2006, ó ń dé eré 80 máìlì ní wákàtí kan láàárín nǹkan bíi ìṣẹ́jú àáyá méjì! Ẹ̀yin ará Houston, páákì AstroWorld yín ti tì látọdún 2005.

Bọ̀dá Ìkẹ́rẹ́ (Houston): Ṣùgbọ́n oòrùn wa ò tì. Ẹ ń fi kóòtù gun tiyín.

Akin (Adó, ilé): Ẹ̀yin ará òkè òkun, ẹ ti gbàgbé ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n? Tí dẹ́rẹ́bà bá pa ẹ́ńjìnnì lórí òkè kí pẹtiróòlù má baà tán, tí bọ́ọ̀sì ń dá yí lọ sísàlẹ̀, tí àwọn ìyá oníṣu ń pe Jésù.

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n (Dallas): Màmá wa máa ń di ọwọ́ mi mú ní kọ́nà yẹn, ọwọ́ wọn á máa rùn ata àti epo. Akin, ṣé òjò ń rọ̀ nílé?

Akin (Adó, ilé): Ó ń rọ̀ gan-an. Wọ́n ń gúnyán lẹ́yìnkùlé.

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n (Dallas): Jọ̀ọ́, gba ohùn odó yẹn sílẹ̀ kí o fi ránṣẹ́ sí mi.