Mo ti fi requests sí i, Python ní òun ò rí i

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Bódìjà ni mo ti ń kọ̀wé. Àtàárọ̀ ni mo ti wà lórí ẹ̀, iná sì ti lọ lẹ́ẹ̀mejì. Python ni mo fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà. Mo fi pip, tó máa ń gbé àfikún wá fún Python, gbé requests, àfikún tó ń bá wa gba nǹkan látorí íńtánẹ́ẹ̀tì, sórí kọ̀ǹpútà, ó kọ "Successfully installed". Àmọ́ bí mo bá ṣí fáìlì mi báyìí, àṣìṣe ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí.

Èsì: Pẹ̀lẹ́, àbúrò. Ìlà tó kẹ́yìn nínú àṣìṣe yẹn ni kó o kọ́kọ́ kà, ibẹ̀ ni Python máa ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an sí. Kí ló kọ síbẹ̀?

Èsì: ModuleNotFoundError: No module named 'requests'.

Èsì: Ó jọ pé Python méjì ló wà lórí kọ̀ǹpútà ẹ. Pip gbé ẹrù sílé kan, ìwọ ń wá a nílé kejì. Bó bá jẹ́ python3 lo fi ń ṣí fáìlì, kọ èyí:

python3 -m pip install requests

Má yọ Python kúrò o! Èmi yọ tèmi nígbà kan ní Mọ́kọ́là, odidi ọjọ́ kan ni mo fi tún un ṣe.

Èsì: Ó ti ṣiṣẹ́! "pip --version" fi hàn mí pé Python 3.8 ni pip ń gbé e lọ, Python 3.11 sì ni mò ń lò. Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n.