Ẹ̀yin tí wọ́n yọ òkúta kíndìnrín fún láìla ikùn, ẹ wá sọ ohun tójú yín rí

Awakọ̀ ni mí, Ìjẹ̀bú-Òde sí Ọjọ́ta ni mò ń ná. Mi ò kì í mumi lójú ọ̀nà, kí èrò má baà máa kùn pé mò ń dúró tọ̀. Nígbà tí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí, jẹ̀díjẹ̀dí ni mo pè é, mo mu àgbo títí. Ọjọ́ tí mo tọ ẹ̀jẹ̀ ni ìyàwó mi wọ́ mi lọ yàwòrán. Òkúta ni, ó tó hóró ẹ̀wà tó ti rẹ sómi.

Wọ́n ní ojú ibi tí mo fi ń tọ̀ làwọn máa gbà wọlé, pẹ̀lú okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní kámẹ́rà lẹ́nu, kí wọ́n fi iná lésà fọ́ ọ. Inú mi dùn. Àfi lálẹ́ ọjọ́ yẹn tí òtútù gbé mi, tí eyín mi ń lu ara wọn, tí bẹ́ẹ̀dì ń bá mi gbọ̀n. Wọ́n ní kòkòrò ti wọ ẹ̀jẹ̀. Ọjọ́ márùn-ún ni mo fi gba abẹ́rẹ́. Wọn ò gé mi níbi kankan, ibo ni kòkòrò wá gbà wọlé?

*

Bọ̀dá awakọ̀, ẹ kú ewu. Nọ́ọ̀sì tíátà ni mí ní Rẹ́mọ níbí, èmi ni mo sábà máa ń gbé omi kọ́. Kámẹ́rà yẹn ò lè ríran láàárín ẹ̀jẹ̀ àti eruku òkúta, omi iyọ̀ la fi ń ṣàn án láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹ wo táǹkì orí ilé: bó bá ṣe ga tó ni omi rẹ̀ ṣe ń tú jáde tó. Bí a bá gbé ọ̀rá omi kọ́ ní sẹ̀ńtímítà 60 sókè ju kíndìnrín lọ, tómi ò sì rọ́nà jáde, agbára tí omi fi ń ti inú kíndìnrín lè gùn dé sẹ̀ńtímítà omi 60 náà. Tẹni tára rẹ̀ dá kì í sábà ju 15 lọ. Bó bá ti tó 30 sí 40, omi á máa fipá padà sínú iṣan ẹ̀jẹ̀, pẹ̀lú ohun yòówù tó bá wà nínú ìtọ̀. Kòkòrò sì máa ń fara pamọ́ sínú òkúta. Tí lésà bá fọ́ ọ, wọ́n á tú síta. Inú lọ́hùn-ún ni ẹnu ọ̀nà wà, kì í ṣe awọ ara.

Ẹ jẹ́ n jẹ́wọ́. Lọ́jọ́ kan, ojú kámẹ́rà ṣú, dókítà ní “fún un sí i!” Mo mú síríǹjì ńlá, mo fọwọ́ tì í. Ọwọ́ tó ti ń rin ewùrà fún ìkọ́kọrẹ́ láti kékeré ni o. Irú ìtì bẹ́ẹ̀ lè fo kọjá 100 lẹ́ẹ̀kan. Ibà tó mú yín ló mú aláìsàn yẹn lálẹ́. Látìgbà náà, bí wọ́n bá ní kí n gbé omi sókè, mo máa ń pe gíga rẹ̀ sókè kí gbogbo ilé gbọ́. A tún máa ń ki rọ́bà tó fẹ̀ díẹ̀ sí ọ̀nà ìtọ̀, kómi tó wọlé lè ríbi ṣàn jáde. Kámẹ́rà tó ń ka agbára omi fúnra rẹ̀ ti wà ní Amẹ́ríkà. Níbi témi wà, ojú àti ọ̀pá ìkọ́mi la fi ń wọ̀n ọ́n.

*

Háà! Wọ́n sún tọkọ mi síwájú lẹ́ẹ̀mejì torí kòkòrò wà nínú ìtọ̀ rẹ̀. Mo bá dókítà jà n'Íkẹ́nnẹ́ níbí, mo ní owó ló ń wá. Ìgbà tí àyẹ̀wò mọ́ ni wọ́n tó ṣe é. Ara rẹ̀ ò gbóná rárá. Ọjọ́ kejì ló ti ń bi mí léèrè gàrí.

*

Àǹtí nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun, ó ti yé mi. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi sílẹ̀ nínú mi lẹ́yìn iṣẹ́ náà ti jáde lọ́sẹ̀ kẹta. Kẹ́ẹ̀gì omi ti wà lẹ́sẹ̀ mi nínú mọ́tò báyìí. Lánàá ní Ṣàgámù, èrò kan ní awakọ̀ yìí mà ń tọ̀ jù. Mo ní kó sọ̀ kalẹ̀ kó wọ mọ́tò míì.